Àléfọ́ lára ọmọ, ásímà láyà ìyá àgbà: Ṣé ìdílé ló ń fà á?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ni nígbà tó bá jẹ́ pé ìwà rere tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọ jogún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àìsàn ni ọmọ jogún, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣeé sọ jáde láàárín ẹbí.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé láti Ìgá Ìdúngànràn títí dé Ìdúmàgbò, tó sì wọ́pọ̀ kí ìyá àgbà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa gbé inú ilé kan náà, kò ṣòro láti rí bí irú ogún bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tajà ní Bàlógùn kò ní ásímà, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ni yóò máa sín, tí imú rẹ̀ yóò sì máa ṣomi. Ọmọ-ọmọ, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan, ni àléfọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń yún un, ó ń họ ọ́, kò jẹ́ kí òun àti ìyá rẹ̀ rójú sùn lóru. Nígbà tí ọmọ náà bá di ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ bó bá sáré díẹ̀, ìbéèrè tí gbogbo ilé yóò máa bi ara wọn ni pé: ta ló ṣe é?

Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn á ní ìyá ọmọ jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ nígbà tó wà nínú oyún. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ á ní àrùn ìdílé ìyàwó ni, pé ńṣe ni wọ́n fi bò fún àwọn kí àwọn tó wá tọrọ ọmọ. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn òbí mìíràn ṣe máa ń fi oògùn ọmọ wọn pamọ́ títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá, tí ìyàwó tuntun náà yóò sì máa sá wọ balùwẹ̀ lọ fa ìnhélà rẹ̀ kí ìyá ọkọ má baà rí i. Ẹni tí ásímà bá sì ká mọ́ ibi tí kò ti lè lo oògùn rẹ̀ lójú ayé, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kan tàbí méjì. Nínú ìwádìí kan tí Obianuju Ozoh ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn tó lé ní 20,000 lẹ́nu wò káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó tó mílíọ̀nù 13 ènìyàn tó ní ásímà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣáájú ìgbà náà, Adegoke Falade àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti lọ sáwọn iléèwé láti bi àwọn ọmọ léèrè nípa àyà dídún, imú ṣíṣomi àti àléfọ́, gẹ́gẹ́ bí ara ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ISAAC, èyí tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n bá láàárín àwọn ọmọ wa.

Àìsàn méjì, gbòǹgbò kan

Àléfọ́ tí à ń sọ yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ẹ́kísímà. Kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ṣe kúrúnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan náà. Làpálàpá àti kúrúnà máa ń ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Àléfọ́ kì í ràn. Awọ ara ló máa ń gbẹ, tí yóò máa yún, tí yóò sì máa bó. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orí ló sábà máa ń mú. Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, ó máa ń lọ sí kọ́rọ́ ìgúnpá, ẹ̀yìn orúnkún àti ọrùn. Àwọn ìwé ìṣègùn òyìnbó máa ń sọ pé ojú ibẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ńṣe ni ojú ibẹ̀ máa ń dúdú sí i, tí yóò sì le.

Ásímà, tí àwọn àgbà kan ń pè ní ikọ́ fée, inú àyà ni tirẹ̀ wà. Ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń wú, tí yóò fún pọ̀, tí ikun yóò sì dí i. Ìdí nìyẹn tí àyà fi máa ń dún bíi fèrè.

Lójú ẹni tó ń wò ó lóde, kí ló kan awọ ara kan ẹ̀dọ̀fóró? Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni àwọn ọmọ ogun inú ara. Ọlọ́run dá wọn kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà. Ṣùgbọ́n nínú ara àwọn ènìyàn kan, àwọn ọmọ ogun yìí máa ń fura jù. Wọ́n á rí eruku, irun ológbò tàbí ìyẹ́ aáyán, wọ́n á rò pé ọ̀tá ti wọ̀lú, wọ́n á sì gbéjà kò ó. Bí ìjà náà bá ṣẹlẹ̀ ní awọ ara, àléfọ́ ni. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú imú, sísín àti imú ṣíṣomi ni. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú àyà, ásímà ni.

Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Arthur Coca àti Robert Cooke, fún irú ara bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan, atopy, nítorí wọ́n rí i pé ásímà àti imú ṣíṣomi máa ń rìn pọ̀ nínú ìdílé kan náà. Ní ọdún 1933, Fred Wise àti Marion Sulzberger fi àléfọ́ kún un. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Àléfọ́ ló sábà máa ń ṣáájú, nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́. Ásímà lè tẹ̀ lé e nígbà tó bá ń lọ sí iléèwé. Nínú àwọn ọmọ mẹ́wàá tó ní àléfọ́ láti kékeré, bíi mẹ́ta ni ásímà máa ń mú tó bá yá. Ẹ ṣàkíyèsí pé mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Kí ni ọmọ ń jogún gan-an?

Nínú ara ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ kan wà tó ń darí bí ara yóò ṣe mọ ẹran ara, egungun, awọ àti ẹ̀jẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní jíìnì, tí àwọn mìíràn ń pè ní àbùdá. Ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì tó kù wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìyá nìkan ló kó àìsàn ran ọmọ, kò mọ bí Ọlọ́run ṣe ń pín in. Òbí tí kò ní àìsàn náà rárá pàápàá lè gbé àbùdá rẹ̀ kó sì fi fún ọmọ, bí obìnrin Bàlógùn tó kàn ń sín yẹn.

Ara àwọn ìbejì ni àwọn onímọ̀ ti rí ẹ̀rí tó dájú jù. Ìbejì kan wà tí wọ́n jọra bí ẹni tí a là sí méjì, tí àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìbejì mìíràn wà tí wọn kò jọra ju bí ọmọ ìyá kan ṣe ń jọra lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí nípa àléfọ́ láàárín àwọn ìbejì ní Denmark, wọ́n rí i pé bí ọ̀kan lára àwọn tó jọra pátápátá bá ní i, èkejì náà sábà máa ń ní i. Láàárín àwọn tí kò jọra, kò rí bẹ́ẹ̀ tó rárá. Bẹ́ẹ̀, ilé kan náà ni wọ́n gbé, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ. Èyí fi hàn pé ìdílé ní ọwọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fi ohun mìíràn hàn: àwọn ìbejì kan tó jọra pátápátá wà tí ọ̀kan ní i tí èkejì kò ní i. Àbùdá nìkan kọ́ ló ń pa àṣẹ.

Àpẹẹrẹ mìíràn wá láti erékùṣù. Tristan da Cunha jẹ́ erékùṣù kékeré kan láàárín òkun Atlantic, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 300. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló tẹ ibẹ̀ dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn kan lára wọn sì ní ásímà. Àwọn ọmọ wọn ń fẹ́ ara wọn. Nígbà tí Noe Zamel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Toronto lọ síbẹ̀ ní ọdún 1993, wọ́n bá ásímà lára ọ̀pọ̀ wọn, ju bí a ṣe ń rí i níbòmíràn lọ. Erékùṣù ni Èkó náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn Àwórì wá, àwọn ará Bìní wá, àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wá, Tápà wá, Sàró dé láti Sierra Leone, Àgùdà sì dé láti Brazil. Ẹ̀jẹ̀ ti pò mọ́ ẹ̀jẹ̀. Kò sí agboolé tó lè na ìka sí agboolé kejì pé tiyín ni ásímà.

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwọn òbí tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ ti fara balẹ̀ gbọ́. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS. Nínú àìsàn fòníkú fọ̀ladìde, jíìnì kan ṣoṣo ló ń dá ẹjọ́: bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, a mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè sọ ọ́ kó tó di pé a dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Àléfọ́ àti ásímà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ fún àfẹ́sọ́nà méjì pé ọmọ wọn yóò ní i tàbí kò ní ní i. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ní i ju ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní i lọ; bó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ní i, ó tún ṣeé ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ irú òbí bẹ́ẹ̀ ni kò ní i láéláé.

Ògiri tó lanu

Láti ọdún 2006 ni ọ̀nà tí àléfọ́ fi ń sún lọ sí ásímà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn kedere. Ní ọdún náà, Irwin McLean ti Yunifásítì Dundee ní Scotland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí dókítà awọ ara Alan Irvine ti Dublin wà lára wọn, kéde pé àwọn ti rí jíìnì kan tó lọ́wọ́ nínú àléfọ́. Filaggrin ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí òkè awọ ara wà pọ̀ dáadáa, kí omi má sá kúrò lára, kí ìdọ̀tí má sì ráyè wọlé. Ẹni bá mọ iṣẹ́ bíríkìlà yóò tètè lóye rẹ̀: bíi sìmẹ́ǹtì ló rí láàárín búlọ́ọ̀kù.

Nínú ara àwọn kan, jíìnì yìí bàjẹ́. Ó tó ẹnì kan nínú àwọn aláwọ̀ funfun mẹ́wàá ní Yúróòpù tó gbé irú jíìnì bẹ́ẹ̀. Awọ ara wọn máa ń gbẹ, ó sì máa ń sán wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Láti ojú ibi tó sán yìí ni eruku àti àwọn nǹkan mìíràn ti ń wọ inú ara ọmọ, tí àwọn ọmọ ogun ara yóò rí wọn, tí wọn yóò sì mọ̀ wọ́n ní ọ̀tá. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá wá fa irú eruku bẹ́ẹ̀ símú, àwọn ọmọ ogun tó wà ní àyà ti ń dúró dè é.

Ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ gba àlàyé yìí gbọ́ ni pé àwọn tó ní jíìnì tó bàjẹ́ yìí tí wọ́n sì ní àléfọ́ ni ásímà máa ń mú jù. Àwọn tó ní jíìnì náà ṣùgbọ́n tí wọn kò ní àléfọ́, ásímà kì í mú wọn ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Awọ ara ló ṣí ilẹ̀kùn fún àyà.

Jíìnì kan kò tó

Síbẹ̀, filaggrin nìkan kọ́. Ní ọdún 2007, Miriam Moffatt, William Cookson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí apá ibòmíràn nínú àkọsílẹ̀ ara tó lọ́wọ́ nínú ásímà àwọn ọmọdé. Jíìnì ORMDL3 wà lára àwọn tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2017, Manuel Ferreira ní Australia àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn yẹ àkọsílẹ̀ ara ènìyàn 360,838 wò. Wọ́n rí ibi 136 tí ìyàtọ̀ kékeré ti lè mú kí àléfọ́, ásímà tàbí imú ṣíṣomi rí ènìyàn mú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyàtọ̀ náà ló kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé ohun tí àwọn ìyá wa ti ń fi ojú rí nínú agboolé ni sáyẹ́ǹsì wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: gbòǹgbò kan ló so àwọn ẹ̀ka yìí.

Ẹ̀rí mìíràn ti ọ̀dọ̀ àwọn apoògùn wá. Oògùn abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní dupilumab. Ó máa ń dí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ara ń gbà ránṣẹ́ ogun síra wọn. Ní ọdún 2017, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú àléfọ́ tó le. Ní ọdún 2018, wọ́n tún fọwọ́ sí i fún ásímà tó le. Oògùn kan, àìsàn méjì. Owó rẹ̀ ga ju ohun tí mẹ̀kúnnù lè san lọ, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn wúlò fún gbogbo wa.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá nínú ìwádìí àgbáyé

Òǹkàwé lè bi í pé: ara òyìnbó ni wọ́n ti rí gbogbo èyí, kí ló kàn wá? Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá jíìnì filaggrin tó bàjẹ́ lára àwọn aláìsàn àléfọ́ ní Ethiopia, ohun tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011 ni pé àwọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ní ọdún 2014, irú ìròyìn kan náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Xhosa ní South Africa. Bẹ́ẹ̀, àléfọ́ wà lára wọn dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà tí òyìnbó gbà dé ibẹ̀ lè yàtọ̀ sí ọ̀nà tí àwa gbà débẹ̀, bí àìsàn náà tilẹ̀ jọra.

Ìdí tí a kò fi tíì mọ ọ̀nà tiwa tán ni pé àwa kọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò jù. Ìṣirò kan tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé nínú gbogbo ènìyàn tí wọ́n ti yẹ àbùdá wọn wò lágbàáyé láti wá ohun tó ń fa àìsàn, nǹkan bí mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti ìran Yúróòpù. Àwọn tó ti ìran Áfíríkà wá kò ju nǹkan bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn, ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní HapMap, tí èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2005, ènìyàn 270 ni wọ́n lo láti gbogbo ayé. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ, láti ìdílé ọgbọ̀n. Charles Rotimi, onímọ̀ àbùdá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Títí di òní, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àbùdá, orúkọ Yorùbá ìlú Ìbàdàn kì í wọ́n nínú ìwé wọn.

Èyí tó kan ásímà gan-an ni ti ẹgbẹ́ CAAPA, tí Kathleen Barnes darí, tó dá lórí ásímà láàárín àwọn ìran Áfíríkà. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016 fi àkọsílẹ̀ ara àwọn ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà, Barbados, Jamaica, Brazil àti ibòmíràn wé ti àwọn Yorùbá Ìbàdàn. Ó yẹ kí èyí mú ìrònú bá àwọn ará Pópó Àgùdà, nítorí láti Brazil, pàápàá Bahia, ni àwọn baba ńlá wọn ti padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún àti àwọn tó padà wálé, ìbátan ni wọ́n. Ohun tí wọ́n bá rí lára àwọn kan lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ti àwọn tó kù. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbé èsì mìíràn jáde ní ọdún 2019, lára ohun tí wọ́n rí ni pé apá ibi tí ORMDL3 wà lọ́wọ́ nínú ásímà àwọn ènìyàn dúdú pẹ̀lú.

Èéfín, eruku àti ògiri tó ti bu

Bó bá jẹ́ pé ìdílé nìkan ló ń fà á, iye àwọn tó ní i kò yẹ kó máa yí padà kíákíá, nítorí àbùdá ìran kì í yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ní Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Ghana, Emmanuel Addo-Yobo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ iléèwé sáré, wọ́n sì wo iye àwọn tí àyà wọn fún pọ̀ lẹ́yìn eré náà. Wọ́n ṣe é ní ọdún 1993, wọ́n tún ṣe é ní ọdún 2003. Iye wọn ti pọ̀ sí i. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ olówó ìgboro ló ní i jù, wọ́n ju àwọn ọmọ abúlé lọ. Ohun tó wà láyìíká ló ń jí ohun tó ń sùn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní Lagos Island, ohun tó lè jí i pọ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń jáde níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà àti Jáńkárà. Eruku aṣọ títà wà ní Bàlógùn, èéfín ọkọ̀ sì wà ní Àpọ́ngbọ̀n. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí yàrá wọn há, tí omi òjò máa ń ya wọ̀, ògiri a máa bu, aáyán a máa rìn, kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí a sì máa gbé inú tìmùtìmù. Bí wọ́n bá tún tan oògùn ẹ̀fọn oníèéfín mọ́ ọn lóru, tàbí tí wọ́n fín tùràrí, ọmọ tí ara rẹ̀ ti ń fura tẹ́lẹ̀ kò ní ríbi sá sí. Ẹni tó ń gbé abúlé náà kò bọ́ níbẹ̀: èéfín igi ìdáná wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

A kò lè pààrọ̀ òbí tó bí wa. Ṣùgbọ́n a lè gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. A lè sá tìmùtìmù sóòrùn, ká máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn, ká dí ibi tí omi ti ń jò, ká sì máa dáná níta.

Ẹni dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́

Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ìmọ̀ yìí lè ṣe fún ìdílé kò gba owó kankan: kí wọ́n máa sọ ọ́. Bí ìyá bá gbé ọmọ tó ní àléfọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀dàn tàbí sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí dókítà bi í léèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ní ásímà, kò yẹ kó sẹ́. Kó rántí ìyá àgbà tí àyà rẹ̀ ń dún. Kó bi mọ̀lẹ́bí ọkọ náà léèrè. Dókítà tó bá mọ̀ yóò tètè máa ṣọ́ àyà ọmọ náà. Kò ní máa fún un ní oògùn ikọ́ lásán fún ọdún méjì gbáko. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìtọ́jú àléfọ́ kò le. Kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ, kí wọ́n yẹra fún ọṣẹ tó le àti kànrìnkàn tó ń ha ara, kí wọ́n sì máa fi ìpara tí kò ní òórùn pa ara rẹ̀ kí omi tó gbẹ. Ọmọ tí àléfọ́ ti mú ni èyí wà fún o. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní ọdún 2020, dá lórí ọmọ tuntun 1,394 tí irú àìsàn yìí wà nínú ìdílé wọn. Ó fi hàn pé pípa ìpara lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn kò dí àléfọ́ lọ́wọ́ láti wá. Ohun tó yẹ kí òbí bẹ̀rù jù ni ìpara tíúbù tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà láìsí àṣẹ dókítà. Oògùn tó lágbára máa ń wà nínú rẹ̀. Àléfọ́ yóò kọ́kọ́ sá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lò ó lọ títí, yóò sọ awọ ọmọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ní ti ásímà, ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé ìnhélà máa ń di bárakú, pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni kò lọ, kì í ṣe oògùn ló mú un dúró. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ń tú àyà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń lò déédéé kí àyà má baà wú rárá. Láti ọdún 2019 ni àjọ GINA, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún àgbáyé, ti ń kìlọ̀ pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má ṣe gbára lé èyí àkọ́kọ́ nìkan. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ ti di ẹrù, pàápàá lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ẹni tí owó kò bá ká ti èyí tó mọ̀, kó bi dókítà tàbí apoògùn léèrè irú rẹ̀ mìíràn tí owó rẹ̀ wálẹ̀. Kó má kàn jókòó sílé láìlo ohunkóhun.

Ní ti àwọn tó ń tọrọ ìyàwó, kò sí ìdí tí ásímà tàbí àléfọ́ fi yẹ kó tú àdéhùn ká. Ohun tó yẹ ni kí àfẹ́sọ́nà méjèèjì jọ mọ̀ ọ́n. Ọkọ tó mọ ibi tí ìnhélà ìyàwó rẹ̀ wà lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là lóru. Ìyá ọkọ tó mọ̀ pé ara ilé òun náà ni ìdajì àbùdá ọmọ ti wá kò ní fi ìka sí ojú ẹnikẹ́ni.

Òwú tí ìyá gbọ̀n, tí bàbá náà sì gbọ̀n, ni ọmọ ń ran. Kò sí ẹni tó yan òwú rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó bá lè pe ọmọ rẹ̀ jókòó, kó sì sọ fún un pé bí èmi náà ṣe rí ní kékeré nìyí, ti fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oògùn tí kò sí ní ilé apoògùn kankan.